Floodlight mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, síbẹ̀ a ò rí àtẹ̀gùn

Olúọgbà:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ iná ìta ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀yìnkùlé mi gùn tó mítà 25, ó fẹ̀ tó 12. Téèyàn bá jáde láti inú ilé, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló máa sọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀nà olókùúta kan gba àárín koríko lọ sábẹ́ igi ńlá kan. Abẹ́ igi yẹn la to àga sí. Lápá òsì, òdòdó ló tò lẹ́bàá ògiri títí dé ìdí igi náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí oníná gbé floodlight mẹ́ta sára ògiri ilé lókè, 50 wáàtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, funfun báláú. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àgbàlá mọ́lẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá mi ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn kejì, ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ mi tó dì mú. Tá a bá sì ń bọ̀ láti abẹ́ igi, ṣe ni iná yẹn máa ń gún wa lójú, à ń fọwọ́ ṣíji bojú rìn ni. Aládùúgbò mi ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé iná mi ò jẹ́ kí òun sùn. Ti kòkòrò, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo fẹ́ fi iná kéékèèké mẹ́wàá kún un. Ibo ni kí n tò wọ́n sí?

Ìyá_Òdòdó:
Kí o fi mẹ́wàá kún un kẹ̀? Ọmọ mi, kọ́kọ́ pa mẹ́ta tó wà ńbẹ̀ ná.

Wáyàmẹ́ta:
Ìyá ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ṣe màmá lórí àtẹ̀gùn yẹn, torí iṣẹ́ oníná ni mo ń ṣe, mo sì ti bá irú rẹ̀ pàdé nílé tó pọ̀.

Iná rẹ wà lára ògiri, lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òjìji ara rẹ̀ lẹni náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ gan-an ni òkùnkùn ti ṣú jù. Bó bá wá ń padà bọ̀, iná kan náà á dojú kọ ọ́, ọmọlójú á sún kì, gbogbo ohun tí iná ò bá bọ́ sí lórí á di dúdú kirikiri. Ó sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ojú tó mọ òkùnkùn lára dáadáa. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ló ń lọ, kì í ṣe ilẹ̀.

Ohun kejì: ẹ yé fi wáàtì díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ, lúmẹ́nì ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde. LED 50 wáàtì lè tú tó lúmẹ́nì 4,500 jáde. O ní mẹ́ta. Iná ẹ̀bá ọ̀nà tó dáa kò ju 100 sí 200 lúmẹ́nì lọ. Ti ara àtẹ̀gùn ò tiẹ̀ tó ìyẹn.

Olúọgbà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n láti ẹgbàágbèje lúmẹ́nì bọ́ sí 100? Ṣé a ò ní máa táràrà?

Awòràwọ̀:
Ẹ má bínú pé mo já wọlé. Ẹ ti rìn lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú rí, àbí? Ẹ rí ọ̀nà, ẹ rí igi, ẹ tiẹ̀ lè mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Ìmọ́lẹ̀ tí òṣùpá yẹn ń tà sílẹ̀ kò pé lux 0.3 (lux ni a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀). Kò sí gílóòbù tó wà lọ́jà tí kò ju ìyẹn lọ tẹ́ ẹ bá gbé e sún mọ́ ilẹ̀.

Ìdánwò kan rèé tí kò ná yín ní nǹkan kan. Lálẹ́ òní, ẹ pa gbogbo iná ìta, ẹ pa ti inú ilé tó kọjú sẹ́yìn pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wá jókòó lórí àga abẹ́ igi fún ìdajì wákàtí. Ẹ má wo fóònù o, ìyẹn á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ẹ bu aṣọ tàbí bébà bò ó lẹ́nu kó má le jù, kẹ́ ẹ máa gbé e síbi tẹ́ ẹ rò pé iná yẹ kó wà: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ìdí igi. Ẹlòmíì ni kó dì í mú, ẹ̀yin kẹ́ ẹ máa rìn. Ẹ ó mọ̀ fúnra yín.

Ẹ̀ṣọ́Ilé:
Gbogbo ọ̀rọ̀ òṣùpá yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ta ló máa dáhùn tí olè bá wọlé? Òkùnkùn lọ̀rẹ́ olè. Èmi ò ní pa floodlight mi nítorí òdòdó ẹnikẹ́ni.

Wáyàmẹ́ta:
@Ẹ̀ṣọ́Ilé, mi ò ní kó pa á títí láé. Ṣùgbọ́n ṣe èyí wò: lálẹ́ òní, dúró síbi tí iná rẹ ti ń tàn sí ọ lójú, kí ẹnì kan lọ dúró lẹ́yìn iná náà tàbí sínú òjìji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O ò ní rí i. Òun ń rí ọ kedere. Iná líle máa ń dá òjìji líle sílẹ̀, ibẹ̀ lẹni tó bá fẹ́ sá pamọ́ máa dúró sí.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó ń bẹ̀rù olè ni pé mo máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré tó tẹ́jú sílẹ̀ káàkiri, màá wá fi ẹyọ iná ńlá kan tó ní sẹ́ńsọ̀ sí i. Ó wà ní pípa títí ẹnì kan á fi rìn kọjá. Iná tó ṣàdédé tàn nínú òkùnkùn máa ń pe àkíyèsí ju èyí tó ti ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kùnà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn kì í wo èèyàn, ooru ara tó ń sún láti ibì kan sí ibòmíì ló ń mọ̀. Tí èèyàn bá ń dá ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá, láti ọ̀tún sí òsì, kíá ló máa mọ̀. Tó bá ń rìn tààrà bọ̀ wá bá a, ó lè dé tòsí kó tó jí. Nítorí náà, ẹ má gbé e kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí mítà méjì sí mẹ́ta sókè.

Ẹ̀ṣọ́Ilé:
Ti sẹ́ńsọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ tèmi á ṣì máa tàn.

Ìyá_Òdòdó:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí igi, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà wà.

Olúọgbà, igi ńlá yẹn nìkan tó iṣẹ́. Má tan iná sí gbogbo nǹkan. Ọgbà tí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà ò ní ibi tí ojú máa bà lé. Mú ohun méjì tàbí mẹ́ta tí o fẹ́ kí èèyàn rí, kí o fi ìyókù sílẹ̀ fún òkùnkùn. Òkùnkùn náà wà lára ohun tí o fi ń ṣe ọgbà.

Igi ní ọ̀nà mẹ́ta. O lè gbé iná sílẹ̀ kó máa wòkè. Tó bá sún mọ́ ìdí igi, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí i, gbogbo èèpo igi, gbogbo kókó ara rẹ̀, á yọ síta bí ohun tí wọ́n gbẹ́. Tí o bá fà á sẹ́yìn tó mítà kan, èèpo á tẹ́jú, ewé lókè ló máa mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì, gbé iná kékeré sókè láàárín ẹ̀ka, kó máa wòlẹ̀. Òjìji ewé á wá tú ká sórí koríko, atẹ́gùn á sì máa mi ín. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó nìyẹn, èyí nìkan ni mo ń lò nílé mi. Ẹ̀kẹta ni kí o tan iná sí ògiri tó wà lẹ́yìn igi, kí igi fúnra rẹ̀ dúdú níwájú rẹ̀. Ìyẹn dáa fún igi tí ẹ̀ka rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, tí ewé rẹ̀ ò pọ̀.

Fún ibi tí ẹ ń jókòó sí, èyí tó ń wòlẹ̀ ni kí o mú. Èyí tó ń wòkè á máa tàn sábẹ́ àgbọ̀n yín, gbogbo yín á rí bí iwin.

Má fi ìṣó kan iná mọ́ igi kí o so ó pinpin o! Igi ń sanra. Mo ti rí igi tí bẹ́líìtì onírin gé wọ inú ara rẹ̀. Jẹ́ kí okùn ní àyè, kí o sì máa tú u wò lọ́dọọdún.

Olúọgbà:
😂 Bí iwin! Ẹ ṣeun mà. Àwọ̀ iná wá ńkọ́? Ti ìsinsìnyí, 6500K ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ìyá_Òdòdó:
Òun ló fà á tí ọgbà rẹ fi ń rí bí ilé ìwòsàn. Bí nọ́ńbà K yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni iná ń pọ́n sí i. 2700K fún ibi ìjókòó àti àtẹ̀gùn. Fún ewé, àwọn kan ń lo 3000K torí 2700 máa ń mú kí ewé pọ́n díẹ̀. Èmi ò bá ọ jà lórí èyí. Ohun tí mo lè bá ọ jà lé lórí ni kí o da 2700 àti 6500 pọ̀ sójú kan.

Awòràwọ̀:
Àwọ̀ yẹn náà ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ kòkòrò. Iná funfun báláú ní àwọ̀ búlúù púpọ̀ nínú, ọ̀pọ̀ kòkòrò òru sì ń rí búlúù ju pupa lọ. Iná tó pọ́n bíi ti àbẹ́là kì í kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ó dáa bí òwe, àmọ́ àfòpiná ò bá fìtílà jà. Ìwádìí kan jáde ní 2024 nínú Nature Communications, wọ́n fi kámẹ́rà ayára-ya-fọ́tò ya àwọn kòkòrò tó ń fò yí iná ká. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ni kòkòrò ń kọ sí ìmọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ọ̀run ló máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ lóru, ibi tó bá mọ́lẹ̀ ni kòkòrò fi ń mọ òkè. Tí gílóòbù bá wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á rò pé ẹ̀gbẹ́ yẹn lòkè, á tẹ̀ síbẹ̀, á sì máa yí po láìlè jáde. Tó bá bọ́ sórí iná tó kọjú sókè, á dorí kodò, á já lulẹ̀.

Nítorí náà, iná tó wòlẹ̀, tó ní ìdérí, tí a lè pa nígbà tí kò sẹ́nì kankan níta ni kí o lò. Ẹgbẹ́ DarkSky International, tó ti ń jà fún òru láti 1988, ohun tó fara pẹ́ ẹ lòun náà ń sọ. Aládùúgbò rẹ náà á sùn.

Bọ́lánlé_T:
Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ sólà? Kò sí wáyà, kò sí gbígbẹ́ ilẹ̀. Ẹ kàn kì í bọlẹ̀ ni.

Gbẹ́lẹ̀Gbẹ́lẹ̀:
Mo kì mẹ́jọ bọlẹ̀. Mẹ́ta ló kù tó ń tàn.

Wáyàmẹ́ta:
😂 Sólà ò burú, àmọ́ ẹ mọ ibi tó yẹ ẹ́. Ojú ọ̀nà tí oòrùn ń pa ní gbogbo ọ̀sán, ó dáa. Abẹ́ igi Olúọgbà, rárá, torí kò sí oòrùn níbẹ̀. Àwọn kéékèèké yẹn, bátìrì 1.2 fóòtì (volt) kan ló sábà máa ń wà nínú wọn, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Gbẹ́lẹ̀Gbẹ́lẹ̀, kó o tó kó márùn-ún yẹn dànù, tú ìdí rẹ̀ wò. Tó bá ṣeé ṣí, pààrọ̀ bátìrì, kí o fi aṣọ tútù nu eruku ojú rẹ̀ kúrò. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ṣe é nìyẹn.

Ohun mìíràn: sólà máa ń fi òkùnkùn mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá wà nítòsí floodlight, á rò pé ọ̀sán ni, kò ní tàn.

Gbẹ́lẹ̀Gbẹ́lẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, mo tú u. Méjì ti tàn padà. Àwọn mẹ́ta tó kù, èèrà ló ń gbé inú wọn.

Olúọgbà:
Mo fẹ́ gba ọ̀nà wáyà. Wọ́n ní 12 fóòtì dáa torí kò lè pa èèyàn bíi ti inú ilé. Láti ara ògiri dé ìdí igi tó mítà 30 tí wáyà bá yípo. Mo ní wáyà tó nípọn tó 1.5 mm² nílé. Ṣé kí n lò ó?

Wáyàmẹ́ta:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibí ni 12 fóòtì ti máa ń tanni jẹ.

Iná mẹ́wàá tí o kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ká ní 6 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 60 wáàtì nìyẹn. 60 pín sí 12, áńpíà 5 (iye iná tó ń ṣàn nínú wáyà). Wáyà bàbà 1.5 ní nǹkan bí óòmù 0.012 ní mítà kan (óòmù ni bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 30 ti di 60. Óòmù 0.72. Fi áńpíà 5 sọ ọ́ di púpọ̀: fóòtì 3.6 ti sọ nù sójú ọ̀nà bí gbogbo iná bá wà ní ìparí wáyà. Ìdí igi á gba 8.4 dípò 12. Bó bá sì jẹ́ pé o tò wọ́n káàkiri ojú wáyà, iná àkọ́kọ́ á mọ́lẹ̀ kedere, ti ìkẹyìn á ṣe bàìbàì.

Tí o bá dín gbogbo ẹrù kù sí 30 wáàtì bí a ṣe ń sọ yìí, tí o sì lo wáyà 2.5, ohun tó sọ nù ò ju fóòtì 1.1 lọ. Ìyẹn ṣeé fara mọ́. Tí tiransifọ́mà (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná ilé di èyí tí kò lágbára) tó jẹ́ 24 fóòtì bá wà pẹ̀lú iná tó bá a mu, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀. Má sì kún tiransifọ́mà dé ẹnu: èyí tó jẹ́ 60 wáàtì, má gbé ju 48 lé e.

12 fóòtì ò ní gbé ọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá tó ń wọ tiransifọ́mà láti inú ilé, iná gidi ni. Kí oníná tó mọṣẹ́ so ìyẹn, kí súwíìṣì tó ń gé iná fúnra rẹ̀ ní 30 mílíáńpíà wà níwájú rẹ̀.

Ó wá ku ojú ìsopọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Ẹnì kan pè mí pé iná ọgbà òun ń ṣẹ́jú. Gbogbo gílóòbù dáa, tiransifọ́mà dáa. Mo gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí wáyà ti pín sí méjì. Tépù dúdú ni wọ́n fi wé e, ó nípọn bí àtàǹpàkò mi. Mo fi ọ̀bẹ là á, omi tú síta. Wáyà bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, mo fọwọ́ kàn án, ó rún sí mi lọ́wọ́. Mo gé e sẹ́yìn, ó ṣì dúdú. Mo tún gé e. Ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan kí n tó bá bàbà tó ń dán, nítorí omi ń gba inú ike wáyà rìn lọ ni. Tépù kì í dá omi dúró lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ìsopọ̀ tó ní òróró líle nínú ni kí o rà, èyí tí òróró rẹ̀ máa bo bàbà mọ́lẹ̀ bí o bá ti tẹ̀ ẹ́.

Bọ́lánlé_T:
Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà IP tó máa ń wà lára iná ìta, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Wáyàmẹ́ta:
Nọ́ńbà àkọ́kọ́ fún eruku, èkejì fún omi. IP44: omi tó bá ta sí i ò wọlé. Abẹ́ òrùlé ló yẹ. IP65: eruku ò wọlé, omi tí a fi páìpù fọ́n sí i ò wọlé. Ti ojú ọ̀nà àti ara ògiri nìyẹn. IP67: ó lè rì sínú omi mítà kan fún ìdajì wákàtí. Èyí tí a bá ri mọ́lẹ̀, ìyẹn ni kó jẹ́, kẹ́ ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi rí ibi gbà lọ.

Olúọgbà:
Mo padà dé. Èmi àti àbúrò mi ṣe ìdánwò tọ́ọ̀ṣì yẹn lálẹ́ Sátidé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkankan, mo fẹ́ dìde wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀nà olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra rẹ̀. Àbúrò mi wá gbé tọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó da aṣọ bò ó, mo sì rí etí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ̀ ọ́, mi ò mọ̀ pé èkejì ga ju àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni màmá ti kọsẹ̀!

Ohun tí mo ṣe rèé. Iná méjì sínú ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, 2 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin sẹ́bàá ọ̀nà, 3 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní ìdérí, wọn ò ga ju orúnkún lọ. Ọ̀kan sórí igi, ó ń wòlẹ̀, 7 wáàtì. Ọ̀kan sí ògiri òdòdó, 5. Gbogbo rẹ̀ 28 wáàtì. Tẹ́lẹ̀, 150 ni. Mo yọ floodlight méjì, mo tẹ ẹ̀kẹta wòlẹ̀, ó ti ní sẹ́ńsọ̀.

Ẹ̀ṣọ́Ilé:
Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Ṣé fídíò wà?

Olúọgbà:
Mo yà á, àmọ́ fóònù ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀sán. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní floodlight ni mo tún lò.

Ìyá_Òdòdó:
Màmá ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?

Olúọgbà:
Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn lánàá, wọn ò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n jókòó tó wákàtí kan lábẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní iná ògiri yẹn ò dáa níbi tó wà, òdòdó pupa tó wà níkọ̀rọ̀ ò gbà nínú rẹ̀, kí n sún un sẹ́yìn díẹ̀. Mo ti mú ṣọ́bìrì, mo ń lọ sún un.